Òkè Ní Í Rán an Níṣẹ́, Ìsàlẹ̀ Ní Í Pè É Wálé: Àlàyé Lórí Aago Kírónógíráàfù Àtijọ́

Ní ọjọ́ ọjà kan ní Sakété ní orílẹ̀-èdè Benin, tí àwa ọmọ ilẹ̀ ń pè ní Ìtákété, mo jókòó ti alátùn-únṣe aago kan kó lè bá mi pààrọ̀ bátìrì aago mi. Bàbá àgbàlagbà kan wọlé, ó tú ìdì áńkáṣífì, ó gbé aago ọwọ́ kan kalẹ̀. Wúrà ni ara aago náà. Ojú kékeré méjì wà nínú ojú ńlá rẹ̀, bọ́tìnnì méjì sì yọrí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, orí róbótó tí a fi ń yí aago wà láàárín wọn.

"Ó ti bàjẹ́," ni bàbá wí. "Bí mo bá tẹ tòkè, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí á máa lọ. Bí mo bá tún un tẹ̀ kó lè dúró, kì í dá mi lóhùn."

Alátùn-únṣe náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ki awò bọ ojú, ó tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀. Ọwọ́ dúró. Ó tún un tẹ̀, ọwọ́ fò padà sí ibi méjìlá. "Ẹ má bínú, bàbá, kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe tirẹ̀ nìyẹn. Òkè ní í rán an níṣẹ́, ìsàlẹ̀ ní í pè é wálé."

Mo ti ka àlàyé gígùn lórí kírónógíráàfù, n kò tíì rí èyí tó kúrú bí ti ọmọkùnrin yìí. Landeron 48 ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó wà nínú aago bàbá. Ní ọdún 1937 ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Le Landeron ní Switzerland. Nínú ọ̀pọ̀ kírónógíráàfù, bọ́tìnnì òkè ló ń mú ọwọ́ lọ, òun náà ló ń dá a dúró; tìsàlẹ̀ kò ní iṣẹ́ ju kó dá a padà sí òdo. Ti Landeron 48 kò rí bẹ́ẹ̀. Tòkè ń bẹ̀rẹ̀, kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tìsàlẹ̀ ń dá dúró, bí a bá tún un tẹ̀, á dá a padà. Ẹni tí kò mọ èyí á ní aago ti kú, á sì gbé e fún ẹni tó ń ra wúrà.

Kí wá ni kírónógíráàfù? Aago méjì tó ń gbé inú ilé kan ni. Ìkíní ń sọ ohun tí aago lù, kì í sùn. Èkejì dúró sójú kan bí ẹni tó ń retí ìpè, kò ní mira títí a ó fi tẹ bọ́tìnnì. Ọwọ́ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ojú aago, tí àwọn ènìyàn máa ń rí tí wọ́n á ní "ọwọ́ yìí ti kú", ti èkejì ni. Ìṣẹ́jú àáyá ti aago fúnra rẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ nínú ojú kékeré apá òsì. Ojú kékeré apá ọ̀tún ń ka iye ìṣẹ́jú tó ti kọjá láti ìgbà tí a tẹ bọ́tìnnì. Nínú aago bàbá yìí, ó lọ dé 45, ìdajì eré bọ́ọ̀lù gẹ́lẹ́.

Níhìn-ín, àwa tí a lọ sílé ìwé Faransé máa ń pe ohun gbogbo tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá ní "chronomètre". Lẹ́nu àwọn tó ń ṣe aago, ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Chronomètre ni aago tí wọ́n ti dán wò, tó sì yege pé òun kì í sáré, òun kì í fà sẹ́yìn; ó lè má ní bọ́tìnnì kankan. Kírónógíráàfù ni èyí tó ní ẹ̀rọ kejì tí a ń pè tí a sì ń dá dúró. Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tó ń kọ àkókò sílẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó ń kọ ọ́ lóòótọ́: ní ọdún 1821, Nicolas Rieussec gbé ẹ̀rọ kan lọ sí ibi eré ẹṣin ní Champ-de-Mars ní Paris, bí ẹṣin kọ̀ọ̀kan bá ti dé òpin, ẹ̀rọ náà á kán tàdáwà sójú ara rẹ̀. Louis Moinet ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú, ní 1816, ó fi ń wo ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2013 ni ayé tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Ní 1913, ilé-iṣẹ́ Longines ṣe ẹ̀rọ 13.33Z tó kéré tó láti gbé sí ọwọ́. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ láyé ìgbà yẹn, orí tí a fi ń yí aago ni wọ́n sì sábà máa ń fi í sí. Ní 1915, ilé-iṣẹ́ Breitling yọ bọ́tìnnì kúrò lára orí yẹn. Ní 1934, ó fi èkejì kún un. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni bọ́tìnnì kejì yìí. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá wà, a ní láti tẹ̀lé e bó ṣe ń lọ: bẹ̀rẹ̀, dúró, padà sí òdo. Bí ewúrẹ́ bá ya wọ ọ̀nà nígbà tí a ń ka àkókò kẹ̀kẹ́, kíkà ti bàjẹ́ nìyẹn. Pẹ̀lú méjì, a lè dá ọwọ́ dúró kí ewúrẹ́ kọjá, kí a tún máa kà á lọ láti ibi tó dúró sí.

Inú rẹ̀ ló wá dùn jù lọ. Alátùn-únṣe náà ṣí ẹ̀yìn aago, ó ní kí n bẹjú wò ó. Sípíríǹgì tí a yí ló ń ti àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín, kẹ̀kẹ́ kékeré kan sì ń mì síwá sẹ́yìn bí ọmọ tó ń mirí, òun ni kò jẹ́ kí agbára sípíríǹgì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí wọ́pọ̀ sí gbogbo aago tí kì í lo bátìrì. Ní Landeron 48, ìmì yẹn jẹ́ 18,000 ní wákàtí kan, ìyẹn márùn-ún nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyí tí ilà wẹ́wẹ́ etí ojú aago fi pín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan sí márùn-ún: ọwọ́ kò lè dúró níbòmíràn. Ẹ̀rọ Zenith El Primero ti 1969 ń mì ní 36,000, nítorí náà ó lè ka ìdá mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí aago tí ìmì rẹ̀ jẹ́ 18,000 ṣùgbọ́n tí wọ́n fa ilà ìdá mẹ́wàá sójú rẹ̀, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rí ojú yẹn.

Lórí àwọn kẹ̀kẹ́ yìí ni wọ́n to ẹ̀rọ kejì sí. Kẹ̀kẹ́ kan wà láàárín tí ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀, kò fara kan ẹnikẹ́ni. Kẹ̀kẹ́ mìíràn ń yí nítòsí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, apá irin kan ló sì gbé e. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì òkè, apá yẹn á sún, eyín kẹ̀kẹ́ tó ń yí á wọ eyín èyí tó dúró. Ẹ rántí ọmọdé tó fẹ́ bọ́ sábẹ́ okùn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fì: ó ní láti wọlé láìjẹ́ kí okùn dúró. Nígbà mìíràn, eyín á pàdé eyín, ọwọ́ á ta kán-ún díẹ̀ kó tó lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àbùkù ni. Bí irú ẹ̀rọ yìí ti rí nìyẹn.

Bí a bá dá a dúró, apá á fà sẹ́yìn, ìjánu kékeré kan á sì tẹ kẹ̀kẹ́ àárín mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ má bàa máa gbọ̀n kiri. Dídá a padà ni ọgbọ́n tó yà mí lẹ́nu jù. Irin pẹlẹbẹ kan wà lórí kẹ̀kẹ́ àárín tí wọ́n gé bí àwòrán ọkàn. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, òòlù kan á já lu ọkàn yìí. Ibi yòówù kí ọwọ́ wà, etí ọkàn á máa yọ̀ lábẹ́ òòlù títí kòtò rẹ̀ yóò fi dé abẹ́ òòlù. Ibẹ̀ nìkan ló ti lè jókòó. Nítorí náà ni ọwọ́ fi ń padà sí òdo gẹ́lẹ́, tí kì í fi irun orí kan ṣàṣìṣe. Adolphe Nicole ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1844, títí di òní, ọkàn yẹn náà ló wà nínú wọn. Ìdí tún nìyí tí a kì í fi tipátipá tẹ bọ́tìnnì ìpadà nígbà tí ọwọ́ ṣì ń lọ, àfi bí aago bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un, bíi Type 20 tí ilé-iṣẹ́ ogun ojú òfurufú Faransé pàṣẹ fún àwọn awakọ̀ òfurufú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950.

Ta ló ń pàṣẹ fún gbogbo apá wọ̀nyí? Ọ̀nà méjì ló wà. Àwọn kan ní kẹ̀kẹ́ kékeré tí òpó dúró yí ká lórí rẹ̀ bí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin. Bó bá ti ń yí ni ẹnu apá á máa gun orí òpó tàbí kó bọ́ sí àlàfo. Ẹ̀rọ Valjoux 23 àti 72 rí bẹ́ẹ̀, Omega 321 pẹ̀lú. Àwọn mìíràn lo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé ní kọ́rọ́kọ́rọ́, bí Landeron 48 àti Valjoux 7733. Olópòó ń rọ̀ lábẹ́ ìka, ó sì ń gba àkókò láti ṣe; onírin pẹlẹbẹ le díẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn tó ń kó aago jọ a máa fi imú òkè wo ti kejì yìí. Èmi kò sí lẹ́yìn wọn. Ní 1968, Omega fi onírin pẹlẹbẹ, 861, rọ́pò 321 nínú aago rẹ̀ tó ń jẹ́ Speedmaster, aago náà kò sì yé bá àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sí òfurufú.

Mo ní kí bàbá jẹ́ kí n wo ojú aago dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń pẹ́. Ojú kírónógíráàfù àtijọ́ dà bí ẹni tó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí iwájú orí. Ilà pupa kan yí etí tirẹ̀ ká, wọ́n kọ "TACHYMÈTRE" sí i, pẹ̀lú "BASE 1000". Ìwọ̀n eré ni, lórí 1,000 mítà. Ẹ gun ọ̀kadà, tí à ń pè ní zẹ́mì, láti Sakété lọ sí Pobè. Bí ẹ bá dé òkúta kìlómítà kan, ẹ tẹ òkè. Bí ẹ bá dé èkejì, ẹ tẹ ìsàlẹ̀. Bó bá gbà yín ní ìṣẹ́jú àáyá 60, ọwọ́ á nà sí 60, ìyẹn 60 kìlómítà ní wákàtí. Bó bá jẹ́ 45, á nà sí 80, kí ẹ sì fọwọ́ kan èjìká ẹni tó ń gbé yín. Kò sí ìṣirò kan tí ẹ ó ṣe. 3,600 tí wọ́n fi iye ìṣẹ́jú àáyá pín ni wọ́n ti kọ kalẹ̀ yí etí rẹ̀ ká.

Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń lọ díẹ̀díẹ̀ ńkọ́, tí kìlómítà kan gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, bí ọkọ̀ ojú irin tó máa ń ti Àjàṣẹ́ gba Sakété lọ sí Pobè nígbà kan? Fún irú èyí, àwọn aago kan ti 1930 sí 1940 ní ilà tó ń ká wọ inú lọ láti etí dé àárín, bí ìkarahun ìgbín. Ọwọ́ á yípo lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó sì ka èsì ní ìpele ìgbín tó bá kàn. Àwọn tó ń kó aago jọ fẹ́ràn ojú ìgbín yìí gan-an, kò sì yà mí lẹ́nu.

Ilà kejì, tó jẹ́ búlúù, ni wọ́n kọ "TÉLÉMÈTRE" sí. Àwọn ológun ló kọ́kọ́ wúlò fún: wọ́n á rí iná ìbọn ńlá ọ̀tá, wọ́n á tẹ̀, wọ́n á gbọ́ ìró, wọ́n á tún tẹ̀, ilà á sọ bí ìbọn ti jìnnà tó. Ní tiwa, Ṣàngó ni kí a fi dán an wò. Ní oṣù karùn-ún, tí òjò bá ṣú bo igbó Pobè, ẹ tẹ òkè nígbà tí mànàmáná bá kọ, kí ẹ tẹ ìsàlẹ̀ nígbà tí àrá bá sán. Ìmọ́lẹ̀ dé lójú ẹsẹ̀. Ìró ń rin nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ń lọ bíi kìlómítà kan. Bí ọwọ́ bá nà sí mẹ́ta lórí ilà náà, kìlómítà mẹ́ta ni; ẹ fi aṣọ sílẹ̀ lórí okùn, ẹ wọlé.

Ilà àwọn dókítà náà wà, tí wọ́n ń kọ "30 PULSATIONS" sí: ẹ tẹ òkè, ẹ ka ìlù ọkàn aláìsàn dé 30, ẹ dá ọwọ́ aago dúró, á nà sí iye tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ó ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì gọbọi.

Báwo ni irú aago yìí ṣe dé Ìtákété? Bàbá ní ẹ̀gbọ́n òun ló mú un ti Dakar bọ̀. Kò ṣòro láti gbàgbọ́. Nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, àwọn ọmọ wa tó mọ̀wé ló kún ọ́fíìsì àti ilé ìwé káàkiri ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, ní Dakar, Abidjan àti Niamey, kí wọ́n tó lé wọn ní Abidjan ní 1958 àti ní Niamey ní 1963. Lójú aago náà, wọ́n kọ "CHRONOGRAPHE SUISSE". Orúkọ ẹni tó ṣe é kọ́ nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kọ "Aṣọ Òkè" sára aṣọ láì dárúkọ ahunṣọ. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1940 àti 1950, wúrà wọn fẹ́lẹ́, ó dùn ún wò, ó sì rọrùn fún arìnrìn-àjò láti rà.

"Wọ́n ní òkúta iyebíye mẹ́tàdínlógún wà nínú rẹ̀," ni bàbá wí, ó fi ìka tọ́ "17 RUBIS". Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè ra àgbọn. Láti 1902 tí Verneuil, ọmọ Faransé, ti fi bí wọ́n ṣe ń yọ́ òkúta pupa yìí nínú iná han ayé ni kò ti wọ́n mọ́. Iṣẹ́ ló wà fún nínú aago, kì í ṣe ọ̀ṣọ́: orí rẹ̀ ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń yí sí, nítorí ó le, kì í jẹ.

Ibi tí owó wà gan-an, ojú rẹ̀ ni. Ojú aago bàbá ti funfun rí. Ó ti pọ́n báyìí bí ògì tí wọ́n fi kòkó sí, ó dúdú díẹ̀ létí, ó mọ́ láàárín. Oòrùn àti ọdún ló ṣe é. Lágbo àwọn tó ń kó aago jọ ní Geneva àti New York, wọ́n ní orúkọ fún ojú dúdú tó ti di aláwọ̀ ilẹ̀: wọ́n ń pè é ní "tropical", ìyẹn ti ilẹ̀ olóoru, ilẹ̀ wa yìí. Wọ́n á fi owó tabua kún iye aago nítorí àbùkù tí ẹni tó ṣe é ì bá tọrọ àforíjì fún. Kì í ṣe gbogbo pípọ́n ni wọ́n ń fẹ́ o. Èyí tó bá pọ́n láìjá láti etí dé etí ni wọ́n ń jà lé. Ti ọ̀rinrin, tó lé bí ekuru, tó bo lẹ́tà, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Ohun tí wọ́n kórìíra jù ni ojú tí wọ́n tún kùn. Ẹ wo lẹ́tà pẹ̀lú awò. Ti ilé-iṣẹ́ mú, etí rẹ̀ gún. Ti akunlé wú, ìdí rẹ̀ rọ̀. Ẹ wo bóyá "SWISS" ṣì wà nísàlẹ̀ mẹ́fà, bóyá ilà kéékèèké bá ọwọ́ mu nígbà tí ọwọ́ bá wà ní òdo. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara aago: etí tó yẹ kó mú bí ọ̀bẹ, ṣé wọn kò ti dán an títí ó fi yí róbótó bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀? Ẹ wo bọ́tìnnì, ṣé ọ̀kan kò ga ju èkejì lọ? Ọwọ́ tí wọ́n fi ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn kùn, ṣé àwọ̀ rẹ̀ bá ti ojú mu? Ẹ má ṣe fi èékánná họ ọ̀dà yẹn láé. Nínú àwọn tó ti pẹ́, radium ni. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti kú, oró rẹ̀ kò kú, ó di nǹkan bí 1,600 ọdún kó tó dín sí ìdajì.

Ẹ lè ti gbọ́ nípa Rolex Daytona tí Paul Newman, òṣèré Amẹ́ríkà, lò. Wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York ní oṣù kẹwàá 2017, ní 17,752,500 dọ́là. Irú ojú tó ní yẹn ni kò yá ní ọjà nígbà tó jáde. Kí ìròyìn yìí má ṣe gbé wa lọ. Aago bàbá kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìní owó púpọ̀ lè wá Seiko 6139 ti 1969, ọ̀kan lára àwọn kírónógíráàfù àkọ́kọ́ tó ń yí ara rẹ̀ bí apá bá ti ń mì. Irú rẹ̀ ni William Pogue, arìnrìn-àjò òfurufú ọmọ Amẹ́ríkà, gbé lọ sí ibùdó òfurufú Skylab ní 1973. Àwọn onírọ́ ti pọ̀ nídìí rẹ̀ náà.

Ọ̀tá tiwa nílé ni ọ̀rinrin. Òjò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́yìn rẹ̀ eruku ọyẹ́, ihò bọ́tìnnì méjèèjì sì ṣí sílẹ̀ fún wọn. Kí a má wẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí a má fi í sínú ọ̀rá tó ń làágùn. Èyí tó ti sùn láti ogójì ọdún, kí a má yí i kí ó tó di pé wọ́n fọ inú rẹ̀; òróró ti gbẹ, irin á máa jẹ irin.

Alátùn-únṣe gbé ẹ̀yìn aago lọ́tọ̀, ó fi ìka wọ̀n ọ́n. "Bàbá, ẹni tó ń ra wúrà, pẹlẹbẹ yìí àti etí rẹ̀ ló máa wọ̀n. Gbogbo ìyókù, á dà á nù. Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ fún yín."

"Fọ̀ ọ́. Kí o sì bá mi kun ojú rẹ̀ ní funfun."

"Ojú yẹn, bàbá, n kò ní fọwọ́ kàn án."

"Ṣé ojú tó dọ̀tí ni kí n máa gbé kiri láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi?"

Ọmọkùnrin náà kò dáhùn. Ó yí aago sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà kí bàbá lè rí i, àwọ̀ kòkó yẹn sì ràn láti etí wọ àárín, kò já níbì kankan. Bàbá wò ó pẹ́.

"Fọ inú," ló wí. "Fi ojú sílẹ̀."